Ohùn Tó Wà Nínú Fóònù Ọ̀gá Bámijókò

Ọjọ́ kẹta rèé tí Fọlákẹ́mi ti ń jókòó sórí àga onípákó kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀bámi, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ìṣẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń wo fóònù bàbá rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Fóònù náà á tàn, á kọ orúkọ àwọn tó ṣe é sójú, á sì kú. Á tún tàn, á tún kọ orúkọ yẹn, á tún kú. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò wọlé, kò jáde.

"Ayọ̀bámi, má tàn mí o. Ṣé kò tíì kú?"

"Àǹtí, èyí tó kú kì í tàn," ni Ayọ̀bámi wí, kò gbójú sókè. "Èyí ṣì ń mí. Ọ̀nà ilé ló gbàgbé."

Kí wá ni olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ń wá nídìí fóònù àlòkù lọ́jọ́ iṣẹ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Emùré ń fò lórí bẹ́ǹṣì? Ohùn ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ohùn. Ẹlòmíràn á ní ta ló ń wá ohùn kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa sọ ọ́, ọjọ́ ń bọ̀.

Bàbá rẹ̀ ni Ọ̀gá Michael Bámijókò. Ọdún márùndínlógójì ni Ọ̀gá fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìṣẹ̀ àti ní Ìlawẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì sídìí kòkó rẹ̀. Ohùn tí Ọlọ́run fún un kì í ṣe ti ènìyàn kan ṣoṣo. Bó bá pe orúkọ ọmọ lórí ìlà láàárọ̀, ọmọ náà á dáhùn, èyí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ òdìkejì títì náà á dáhùn. Níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, Yorùbá inú ìwé ló ń sọ, tó nà gbọnrangandan bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Bó bá délé tó bọ́ bàtà, Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé ló kù: ilé di ulé, iṣu di uṣu, iná di uná, kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí ni Ọ̀gá pe Fọlákẹ́mi lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ọmọ mi. Mo ti ń gbà á sínú fóònù yìí díẹ̀díẹ̀, kí n má baà gbàgbé. Bí o bá wá sí ulé, wàá gbọ́ ọ."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ìdánwò la wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Tí a bá ti gba ìsinmi, mo ń bọ̀."

Ìsinmi dé, wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, ọmọ rẹ̀ ń ṣe ibà. Ara ọmọ yá, ilé ẹ̀kọ́ tún wọlé. Láti Emùré sí Ìkẹ́rẹ́, táksí kì í lo wákàtí kan lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá tún pè, tó béèrè bóyá ó ti ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló dáhùn pé òun ń bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù keje, bí Ọ̀gá ṣe ń de bọ́tìnì ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kò kú o, kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ohùn tó ń mi ilé ẹ̀kọ́ méjì sì lọ bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Dókítà sọ fún wọn pé, "Ó ń gbọ́ yín o. Ọ̀rọ̀ ni kò lè jáde." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe mọ́ Ọ̀gá bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níṣojú rẹ̀, tí wọ́n ń jíròrò ìyẹ̀fun tí wọn yóò fi po ògì rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àárò ohùn yẹn wá ń sọ Fọlákẹ́mi bí ebi. Ó wà ní kíláàsì, agogo á lù, á yíjú padà bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ pe orúkọ òun. Nígbà mìíràn á tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀ láti Emùré, ó mọ̀ pé orí àpótí aṣọ ìyá òun ni fóònù náà wà, kò sẹ́ni tí yóò gbé e; kó ṣáà máa dún ni. Ó bá ara rẹ̀ wí títí, ìbáwí náà kò gbé e dé ibì kan. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè tù ú nínú: ọ̀rọ̀ tí bàbá òun gbà sílẹ̀ ṣì wà nínú fóònù yẹn, pẹ̀lú ohùn tó fi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n fóònù wà ní títì. Ọ̀gá ti fi àwòrán tì í, àwọn àmì rogodo mẹ́sàn-án tí ènìyàn ń fi ìka fà pọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kò sì sọ bí ó ṣe fà á fún ẹnikẹ́ni. Joshua, ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́mi, wá láti Adó, ó jókòó tì í. Ó fà á bíi M, ó fà á bíi J, ó fà á bí igun àtẹ̀gùn, ó fẹ́ fà á bí àgbélébùú nítorí pé onígbàgbọ́ ni Bàbá. Nígbà tó yá, fóònù kọ̀wé sí i pé bó bá tún ṣì í ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ sí i, òun yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú òun rẹ́. Jìnnìjìnnì mú Joshua, ó gbé e kalẹ̀. Wọ́n tún gbé e wá síwájú Bàbá fúnra rẹ̀, wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù yọ́ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí ògiri, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n sáré gbé fóònù kúrò níbẹ̀, wọn kò sì tún dán an wò mọ́. Ènìyàn mẹ́fà tó kàwé dé yunifásítì ló wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà.

Bí Fọlákẹ́mi ṣe dé ọ̀dọ̀ Ayọ̀bámi nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ń tún fóònù ṣe lójú títì náà ló ní àwọn lè ṣí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí àwọn ṣáà nu inú rẹ̀ mọ́, kó ṣófo. Ayọ̀bámi nìkan ló béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ mú nínú rẹ̀, Àǹtí?" Nígbà tó gbọ́, ó fọwọ́ lé àgbọ̀n.

"Nínú fóònù yìí, àlejò ni gbogbo wa, títí kan ẹni tó fowó rà á," ló wí. "Pálọ̀ ni wọ́n gbà wá sí. Yàrá inú lọ́hùn-ún, àwọn tó ṣe é ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ohun tí à ń pè ní rúùtù ni kí á gba kọ́kọ́rọ́ náà, kí á di onílé. Bí a bá di onílé, a lè wọ ibi tí ohùn wà láì pa nǹkan kan rẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ gẹ̀lẹ́ńjẹ́ ni. Fáìlì tí ó bá fóònù mu gan-an la gbọ́dọ̀ fi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ ara rẹ̀ mọ́."

"Ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá pa ohùn bàbá mi rẹ́, Ayọ̀bámi, èmi pẹ̀lú rẹ ni."

"Ọ̀gá nà mí ní kíláàsì kẹrin, Àǹtí. Ẹ̀rù wọn ṣì ń bà mí. N kò lè pa ohùn wọn rẹ́."

Ó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti fáìlì sí i nínú, ó tàn án, ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ ijó tàn-án-kú-tàn-án-kú. Ayọ̀bámi pààrọ̀ wáyà, ó ní bóyá wáyà ni kò dì mú. Ó yọ bátìrì, ó dá a padà. Ó tún fáìlì náà fà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní bóyá ìdajì ló wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège. Kò yí padà. Ní Ọjọ́rú, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kárí Adó àti Àkúrẹ́, gbogbo wọn ń dá a lóhùn pé kó nù ún mọ́. Bí Fọlákẹ́mi bá gbọ́ "nù ún mọ́", á dà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sin òkú ẹni tó ṣì wà láàyè fún.

Ọjọ́bọ̀ tí a wà yìí, nǹkan bí aago mọ́kànlá, Ayọ̀bámi yọ ẹ̀yìn fóònù, ó yọ àwọn ìdè kéékèèké, ó ṣí i débi tí wọn kì í sábà ṣí i dé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó wo ẹ̀yìn fóònù, ó wo inú, ó tún wo ẹ̀yìn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ra fóònù yìí fún Ọ̀gá?"

"Joshua ni. Tòkunbọ̀ ni, ó ní èyí tó dára jù ló mú."

"Ẹ kí i fún mi. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀wù fóònù yìí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn, ti fóònù ẹ̀gbọ́n ni, èyí tó wọ́n jù. Nọ́ńbà tó wà nínú níbí, ti àbúrò ni. Ẹni tó tà á gbé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n wọ àbúrò, Bùrọ̀dá Joshua sì sanwó ẹ̀gbọ́n. Fáìlì ẹ̀gbọ́n ni mo ń tì bọ àbúrò nínú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Báwo ló ṣe máa mọ ara rẹ̀!"

Fọlákẹ́mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó rò ó pé bí bàbá òun bá gbọ́ ìtàn yìí nígbà tí ohùn wà, igbe tí yóò fi pe Joshua, wọn á gbọ́ ọ lórí òkúta Olósùnta.

Ayọ̀bámi wá fáìlì àbúrò. Ó pẹ́ kí ó tó wọlé tán. Ó kọ́kọ́ dá èyí tí fóònù gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é padà sí i, ó tàn án. Orúkọ hàn, ó dúró. Wọn kò mí. Orúkọ náà dúró títí tí Fọlákẹ́mi fi rò pé ó tún ti há, àfi bí fóònù ṣe kọjá ibẹ̀, tó là fòò. Ayọ̀bámi kò yọ̀, ó ní ó kù. Ó wá fi èyí tí yóò sọ wọ́n di onílé sí i. Ó gbà. Rúùtù wọlé, kò sí wàhálà kankan.

Ojú Ayọ̀bámi wá rọ lójijì. Ó gbé fóònù sún mọ́ Fọlákẹ́mi. Àwọn àmì rogodo mẹ́sàn-án yẹn náà ló tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò wọ́n.

"Àǹtí, mi ò ní parọ́ fún yín. A ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ṣùgbọ́n àpótí wà nínú yàrá, àwòrán tí Ọ̀gá fi ìka fà ni wọ́n fi ti àpótí náà. Láìsí àwòrán yẹn, bí mo tilẹ̀ wọ ibi tí ohùn wà, rúdurùdu ni màá bá níbẹ̀, kò ní ṣe é gbọ́. Kò sí rúùtù tó lè mú ìyẹn kúrò. Ó sì ku ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré. Bí a bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Ẹni tó fà á ni kí ẹ bi."

"Ayọ̀bámi, o mọ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀."

"Ìka ni wọ́n fi fà á, Àǹtí, wọn ò fi ẹnu fà á."

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú."

"Òsì ńkọ́?"

Fọlákẹ́mi wò ó bí ẹni pé ó bú òun. Òsì kẹ̀! Ta ní fi òsì lọ Ọ̀gá Bámijókò? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ti Ọ̀gá ju ti gbogbo ayé lọ. Ọmọ tó bá fi òsì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé á padà. Ọmọ tó bá fi òsì kọ̀wé, Ọ̀gá á de ọwọ́ náà mọ́ àga títí tí ọ̀tún yóò fi mọ iṣẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni Fọlákẹ́mi fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fi gèlè ìyá rẹ̀ de ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ àga nínú pálọ̀ fún odindi ìsinmi ọdún Àjíǹde. Ó sunkún, kò ràn án. Ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé sójú pátákó lónìí.

Láti ìgbà tí àìsàn sì ti dé, Ọ̀gá kò fi òsì yẹn han ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá wọlé, á kì í bọ abẹ́ ìborùn. Kò fi jẹun, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó sì ń fi í yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá nílé ìjọsìn pé, "Ọkọ mi kò fi òsì kan oúnjẹ rí." Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn mẹ́fà tó kàwé kò fi rò ó. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n, ọ̀wọ̀ ló dí wọn lójú.

Nígbà tí Fọlákẹ́mi dé ilé bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án náà, ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé, wà níwájú ilé tó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí ẹní. Ọ̀gá jókòó sórí àga onítìmùtìmù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìborùn wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ òsì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Fọlá, o kú abọ̀. Uṣu wà lórí uná. Ṣé wọ́n ti rí i ṣe?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Fọlákẹ́mi kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Kò kígbe. Ó sọ̀rọ̀ bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ fún mi ni mo ń wá. A ti ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe sí fóònù yìí, ọwọ́ yín nìkan ló kù tó mọ ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á fún mi. Òsì ni kí ẹ fi fà á."

"Òsì kẹ̀?" Màmá dúró lórí kòkó. "Sí ọmọ tí ó bí? Kí Olúwa má jẹ́ kí a rí i nínú ulé yìí!"

Ọ̀gá pa ojú dé. Ọwọ́ tó wà lábẹ́ ìborùn tún wọnú sí i.

"Bàbá, mo mọ̀ pé mi ò tètè wá. Oṣù mẹ́rin. Ẹ pè mí, mo ní mò ń bọ̀, mi ò wá. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ohùn yín ń wù mí í gbọ́, Bàbá. Ó ń wù mí débi tí mo fi ń pe fóònù yín kó lè máa dún lásán."

Ojú Ọ̀gá ṣì wà ní pípadé. Inú bí Fọlákẹ́mi, ìbínú ọmọ tó ti dàgbà, tó sì tún padà di ọmọ ọdún mẹ́fà lórí àga. Ó gbé fóònù lé eékún bàbá rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀, èyí tí kò fi kọ nǹkan kan níwájú ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó sì fi fa àwòrán kan, bó ṣe wá sí i lọ́kàn. Fóònù kọ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀gá la ojú.

"Fọlákẹ́mi! Ọwọ́ wo nìyẹn?" ni Màmá ké.

Fọlákẹ́mi tún fà á, ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó fà á tọkàntọkàn. Fóònù kọ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú Ọ̀gá ti kúrò lójú rẹ̀, ó ti wà lórí ìka rẹ̀. Ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Fọlákẹ́mi mọ ojú yẹn. Ojú olùkọ́ ni, tó rí ọmọ tó ń kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà sójú pátákó, tí kò lè dákẹ́, tí kò tíì dákẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó gbé ìka lé e lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìka rẹ̀ kò tíì kan ju àmì méjì lọ tí ìborùn fi ṣí. Ọwọ́ òsì Ọ̀gá jáde, ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò, pá! bí ó ṣe máa ń fi rúlà gbá a lórí ìka. Àmì méjì kò tó. Fóònù kò kà á. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọmọ titun kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sí kíláàsì rẹ̀.

Ó gbé ìka lé fóònù. Ó fà á, ìka yà bàrá sí àmì tí kò yẹ. Fóònù kọ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Màmá ti wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga mú. Fọlákẹ́mi fẹ́ gbé fóònù kúrò, ẹ̀rù bà á, ó kúkú sàn kí ohùn náà wà ní títì ju kí ó má sí mọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wò ó, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó pa ojú dé. Èjìká ọ̀tún tó ti kú mì díẹ̀, bí ẹni pé òun ló ń sọ ọ̀nà fún òsì. Ìka náà rìn, díẹ̀díẹ̀, ó yà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yà, ó dúró.

Fóònù ṣí.

Màmá ló kọ́kọ́ pariwo, "Jésù ṣeun!" kò sì rántí ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é. Fọlákẹ́mi wá ibi tí ohùn wà. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ó tẹ àkọ́kọ́.

"Fọlákẹ́mi, ọmọ mi. Bàbá rẹ ni ó ń sọ̀rọ̀. Lónìí, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, mo fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti pẹ́ ní..." Ó gé síbẹ̀. Ọ̀gá ti tẹ ibi tí kò yẹ.

Ohùn náà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fọlákẹ́mi gbé fóònù mọ́ àyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ìkejì. "Ó ti ń gbà á bí? Abọ́sẹ̀dé, wá wò ó, pupa yìí ńkọ́?" Ohùn Màmá dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, "Èmi ni mo ṣe é ni?" Màmá gbọ́ ara rẹ̀, ó fi ẹnu aṣọ bo ojú. Ìkẹta, ikọ́. Ìkẹrin, "Fọlákẹ́mi, ọmọ mi," ó tán. Ìkarùn-ún, inú oko ni, ẹyẹ ń ké, Ọ̀gá ní, "Ọ̀rọ̀ yìí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni..." adìẹ ìgbẹ́ kan fò, Ọ̀gá ké, "Ah!" ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọkùnrin tó kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ ní ìwé kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ni wọ́n gba èyí tó kẹ́yìn, òun ló sì gùn jù. Ìdákẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Kò sọ Yorùbá inú ìwé mọ́.

"Fọlá mi. Ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe uṣẹ́ ẹ̀rọ. N kò rí ojú rẹ. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ta ni yóò dá mi lóhùn? Jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ná. Bí o bá dé ulé, n ó fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ọ. Ìwọ ṣáà máa bọ̀."

Kò rántí pa á. Àga dún, ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, tó ń kí ẹnì kan tó ń kọjá kú uṣẹ́, tó ń bu omi, tó ń rọra kọ orin ìsìn kan tí kò mọ ìdajì rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó tán, kòkó ti ń gbẹ lórí ẹní, kò sẹ́ni tó tú u.

Kò sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Inú ọkùnrin tó jókòó yìí ló wà, ibẹ̀ náà ló wà láti oṣù kẹta títí di oṣù keje, tí ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀, tí táksí sì ń lọ láti Emùré ní gbogbo ọjọ́. Fọlákẹ́mi mọ ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n dé egungun.

Ọ̀gá ń wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ìborùn, kò fi pamọ́ mọ́.

"Mo ti dé, Bàbá," ló wí.

Ẹnu Ọ̀gá là. Ó mì, ó pàdé, ó tún là. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, ohùn kan ń dún nínú ikùn rẹ̀ tí kò dé ọ̀fun. Fọlákẹ́mi wọ́ sún mọ́ ọn lórí eékún, ó gbé etí rẹ̀ sí ẹnu náà, ó sì dúró.